Àmì Pẹ́ńsù Lábẹ́ Afárá Gìtá Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìwó, òórùn mẹ́ta ló máa ń jí wa ní àárọ̀ Sátidé: òórùn àkàrà tí Màmá ń dín, òórùn kẹrosíìnì tí a fi ń nu àga, àti òórùn irin tí ń hó nínú omi. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ mọ méjì àkọ́kọ́ dáadáa. Ẹ̀kẹta yẹn, mi ò rò pé ó wà nílé ẹlòmíràn ní gbogbo àdúgbò wa.

Okùn gìtá ni Bàbá mi ń sè. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti Mọ́ńdé títí di Jímọ̀, ilé ìlagi kan lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà ni Bàbá ti ń la pákó. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá náà ni wọ́n ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Gìtá oníná ni, ikùn rẹ̀ wú, kì í sì í ṣe tuntun. Ọwọ́ olórin kan ní Ìbàdàn tó ti fi orin sílẹ̀ ni wọ́n ti rà á. Okùn rẹ̀ kò sí lọ́jà Ìwó rárá nígbà náà. Nítorí náà, bí okùn bá ti mu òógùn ọwọ́ títí tí ohùn rẹ̀ fi kú, Bàbá á tú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n á ká wọn róbótó, wọ́n á sì gbé wọn kaná nínú ògbólógbòó ìkòkò kan bí ẹni ń se àgbàdo. Bí okùn náà bá jáde nínú omi, á tún máa dún ṣánṣán.

Bí Bàbá bá ti jókòó ti ìkòkò, iṣẹ́ tèmi ni kí n nu ara gìtá. Mo gbọ́dọ̀ ti pọnmi kún àmù, kí n sì ti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n tó bọ́ sí i. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò sì sí Sátidé tí Bàbá kò ní sọ ọ́: "Àbẹ̀kẹ́, nu ibi tó bá wù ọ́. Má fọwọ́ kan afárá."

Afárá ni Bàbá ń pe igi kékeré kan tó dúró lórí ikùn gìtá, tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń gun ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Kò ní ìṣó, kò ní gọ́ọ̀mù. Okùn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí a bá ti tú okùn, ó kàn jókòó síbẹ̀ lásán ni. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi fi pẹ́ńsù fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, kí wọ́n lè mọ ojú ibi tó yẹ kó wà.

Sátidé tí mò ń sọ yìí, Ṣéríífátù, ọmọ ilé kejì wa, ti ti iléekéwú dé, ó sì ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ níta, ó ń pè mí sí eré ten-ten. Ìkánjú gbé mi wọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí eruku tó kó sábẹ́ afárá náà, ọ̀rọ̀ Màmá sì wá sí mi lọ́kàn, nítorí pé ìgbátí ni wọ́n fi kọ́ mi: ẹni tí kò bá gbé àga kí ó tó gbálẹ̀, kò tíì gbálẹ̀. Bí ẹni gbé àpótí ìjókòó ni mo ṣe gbé afárá kúrò. Mo nu abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àkísà kẹrosíìnì, ó mọ́ tónítóní. Ìgbà tí mo fẹ́ dá a padà ni mo rí i pé ìlà pẹ́ńsù ti bá eruku lọ.

Mo gbọ́ tí Bàbá ń da omi gbígbóná nù lẹ́yìnkùlé. Mo gbé afárá náà síbi tí ojú mi sọ pé ó wà tẹ́lẹ̀, mo sáré mú pẹ́ńsù iléèwé mi, mo sì fa ìlà tuntun yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Nígbà tí Bàbá wọlé, wọ́n bi mí bóyá mo fọwọ́ kan afárá. Mo ní rárá. Wọ́n wo ìlà náà, wọ́n mi orí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn. Mo jáde lọ ta ten-ten, mo tilẹ̀ borí Ṣéríífátù lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá fi ohùn okùn wé ohùn dùùrù, ó bára mu. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, tí ọwọ́ wọn wà nísàlẹ̀ ọrùn gìtá, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ wọn ti ń gun òkè, bẹ́ẹ̀ ni ohùn gìtá ń ga ju orin lọ. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ha etí bí ìgbà tí a fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn. Bàbá dẹ okùn díẹ̀, òkè sàn, ìsàlẹ̀ bàjẹ́. Mo rí òógùn tó ń ṣàn wọ ọrùn ẹ̀wù wọn. Nígbà tí a délé, Màmá bu ìrẹsì ọjọ́ Ìsinmi fún mi pẹ̀lú ẹran tó tóbi, mi ò lè jẹ ẹ́. Màmá rò pé ibà ni, wọ́n fún mi ní àgbo.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Ní Mọ́ńdé, Bàbá ní bóyá àwọn se okùn náà jù. Wọ́n yá okùn méjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn kan, wọ́n so wọ́n mọ́ ọn, kò yàtọ̀. Ní Túsìdeè, wọ́n ní bóyá ọyẹ́ ti ká ọrùn gìtá kò. Wọ́n gbé e sójú, wọ́n di ojú kan, wọ́n fi ojú kejì wò ó láti ìdí dé orí bí wọ́n ṣe máa ń wo pákó níbi iṣẹ́. Ó tọ́ gbọnrangandan. Wọ́n ní bóyá ọwọ́ àwọn ni ó ń tẹ okùn jù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, síbẹ̀ ó ga. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo afárá. Ẹ̀gúsí ni mò ń ṣẹ́ nítòsí wọn, mi ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ojú àmì rẹ̀ ló kúkú wà," wọ́n sì gbé gìtá náà sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́síìdeè, ọ̀gá akọrin wá kí wa. Àwọn àti Bàbá jọ dàgbà ni, wọn kò sì bínú rárá. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n sọ̀rọ̀, ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n ní ariwo ẹ̀rọ ìlagi ti pẹ́ létí Bàbá, àti pé kò sí ohun ẹ̀gàn níbẹ̀. "Ìkórè ku ọjọ́ mẹ́rin," ni wọ́n wí. "Bí kò bá tíì dára ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọmọkùnrin tó ń ta gìtá ní Ilé-Ogbó yẹn á bá wa ta á. Kí ìwọ náà sinmi." Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí Màmá bá ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n á ní kí Màmá tún un sọ. Bàbá yìí kan náà ló máa ń gbọ́ ohùn ìyá ẹlẹ́kọ láti ìkòríta kejì.

Jímọ̀ ni Bàbá pè mí. Wọ́n ní kí n jókòó ti àwọn, wọ́n sì fi irin wẹ́wẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá hàn mí, wọ́n kà á dé ìkejìlá. Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni àárín okùn. Bí a bá fi ìka kàn án fẹ́rẹ́ níbẹ̀ láì tẹ̀ ẹ́, á dún bí agogo kékeré. Ohùn yẹn kì í purọ́. Bí a bá wá tẹ okùn mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kan náà, ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Bí wọn kò bá jẹ́ ọ̀kan, gìtá ló ṣàìsàn. Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan, tí etí àwọn sì ń sọ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan, a jẹ́ pé etí àwọn ló ti bàjẹ́, ó sì ti tán nìyẹn.

"Etí tìrẹ ṣì tuntun," ni Bàbá wí. Wọ́n dún agogo, wọ́n tẹ okùn. "Ṣé wọ́n bára mu?"

Mo gbọ́ ọ kedere. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ga ju agogo lọ, ọmọ ọwọ́ pàápàá á gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní wọn kò bára mu, Bàbá á padà sídìí afárá, wọ́n á sì bi mí léèrè ìlà. Pàṣán wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní ilé wa, bí o bá jí ẹran nínú ọbẹ̀, wọ́n á ní kí o kúnlẹ̀, kí o ká ọwọ́ sókè. Bí o bá purọ́, ó di pàṣán, nítorí pé ẹní bá ń purọ́ yóò jalè. Èmi sì ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Wọ́n bára mu, Bàbá."

Wọ́n tún un dún. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Bàbá mi orí fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Títí di òní, bí mo bá rántí ọpẹ́ yẹn, ojú máa ń tì mí bí ẹni pé àná ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òórùn àkàrà wà, òórùn irin kò sí. Bàbá ti fi ògbólógbòó ìró Màmá wé gìtá náà, wọ́n sì ti pe ọlọ́kadà. Ilé-Ogbó ni wọ́n ń gbé e lọ fún ọmọkùnrin tó fẹ́ ta á ní ìkórè. Wọ́n ní kó máa lò ó lọ, nítorí pé gìtá kì í ṣe ohun tí à ń gbé pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Màmá bi wọ́n bóyá wọn ò ní jẹun. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ ti etí wọn síwájú, wọ́n ní, "Kí lo wí?" Mo mọ̀ pé wọ́n gbọ́. Àwọn fúnra wọn ni kò gba etí wọn gbọ́ mọ́.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé iwájú ọ̀kadà. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku, mo ní, "Bàbá, wọn ò bára mu."

"Kí ni kò bára mu?"

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: eruku, àkísà, pẹ́ńsù, irọ́ Sátidé àti irọ́ Jímọ̀. Ọlọ́kadà pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí ó lè gbọ́ dáadáa. Kí n tó sọ ọ́ tán, Màmá ti mú pàṣán dé. Bàbá sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀, Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ lo etí rẹ̀."

A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá dẹ okùn díẹ̀, wọ́n ní kí n fi ìka méjì ti afárá sẹ́yìn, kúrò lápá ọrùn gìtá. "Kò tó nǹkan. Bí irun orí." Bí mo bá ti tì í, Bàbá á fa okùn le padà, wọ́n á dún agogo, wọ́n á tẹ okùn, wọ́n á sì wò mí. Ó ṣì ga. Mo tún tì í. Ó ṣì ga. Mo tì í jù, ó wá lọ sílẹ̀, a dá a padà. Àkàrà tutù sínú abọ́. Nígbà tó yá, agogo dún, okùn dún, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ èwo mọ́.

Mo ní wọ́n bára mu. Bàbá wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Wọ́n tún un dún, wọ́n di ojú, wọ́n sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà gbọ́ ọ." Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú wọn kí wọ́n tó mú pẹ́ńsù.

Ẹ má rò pé mo mú un jẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Bàbá rán mi sílé ọ̀gá akọrin, èmi nìkan, pé kí n kúnlẹ̀ kí n fi ẹnu ara mi sọ ẹni tó ba gìtá jẹ́, kí n sì sọ pé etí Bàbá mi pé. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n nà mí ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ ìkórè, Bàbá gun ọrùn gìtá náà dé òkè pátápátá, kò sí akọrin kan tó wẹ̀yìn.

Nǹkan ti yí padà. Fóònù ni ọmọ mi fi ń tún gìtá tirẹ̀ ṣe. Bí ohùn bá ti tọ́, iná àwọ̀ ewé á tàn lójú fóònù náà, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mi ò bá a jà sí i. Ká ní irú rẹ̀ wà nígbà náà, Bàbá ò ní jẹ ìyà ọ̀sẹ̀ kan lórí irọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlagi ti wá gba etí Bàbá lóòótọ́ báyìí, wọn ò sì fẹ́ fóònù. Ìgbàkúgbà tí mo bá wá sí Ìwó, wọ́n á gbé gìtá náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á dún agogo, wọ́n á tẹ okùn, wọ́n á sì bi mí bóyá wọ́n bára mu.

Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, kò bára mu. Arúgbó ni wọ́n; bí mo bá ní ó bára mu, inú wọn á dùn, ta ni á sì mọ̀?

"Rárá, Bàbá," ni mo wí sí etí wọn. "Ó ga díẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbé gìtá náà lé mi nítan, wọ́n ní, "Ó yá, Àbẹ̀kẹ́. Fọwọ́ kan afárá."