Ooru Ló Mú Un

Fée, fée ni àyà mi ń dún, ẹ̀rọ tí ó ń fẹ́ oògùn sí mi nímú sì dákẹ́ lójijì. Ọ̀sán gangan ni, òjò àkọ́rọ̀ ò tíì rọ̀, òrùn ń yan páànù lórí wa. Ìyá mi gbé mi lé ẹsẹ̀, ó ń pe Jésù.

Ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò wa kan la wà, ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, tí ó ń tún redíò àti fáànù ṣe. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Òun nìkan ló ní ínfátà àti bátìrì tí ń tọ́jú iná pamọ́ ládùúgbò wa. Bí asímà mi bá dé tí kò síná, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá mi ń pọ̀n mí lọ. Òórùn léèdì yíyọ́, òjé tí ó fi ń so wáyà pọ̀, ló máa ń kí wa lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú òórùn kòkó tí wọ́n sá síta.

Lọ́jọ́ náà, ínfátà ló kú. Ìyá mi rán èèyàn lọ pe ọ̀kadà, ó sì fa ìgò omi àdúrà yọ, ó fẹ́ dà á lé ínfátà lórí.

"Ọmọ ni kó o fún mu, má dà á sí ẹ̀rọ!" Màmá ké. Ó fọwọ́ kan ara ínfátà náà. "Kò bàjẹ́. Ooru ló mú un. Ó kúkú pa ara rẹ̀ kó má baà jóná ni."

Ó tú wáyà, ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, sábẹ́ àpáta ńlá kan tí òrùn kì í dé. A tẹ̀ lé e. Ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ínfátà, ó ń fi ọwọ́ kejì ra mí lẹ́yìn.

"Mí díẹ̀díẹ̀, ọmọ mi. Má sáré."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tàn án," ìyá mi bẹ̀bẹ̀.

"Jẹ́ kó tutù. Bí mo bá tàn án báyìí, ó lè jó pátápátá."

Nígbà tó tutù, ó gbé e padà sínú ṣọ́ọ̀bù, ó so wáyà rẹ̀, ó tàn án, ó sì kùn hùn-ún. Oògùn tutù wọ imú mi, àyà mi sì ń tú díẹ̀díẹ̀. Kí ọ̀kadà tó dé, mo ti ń béèrè ẹ̀wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo sábà máa ń lọ jókòó ti Màmá. Ó fi ojú ibi tí léèdì ti sán nínú redíò kan hàn mí. Ó ní, "Ohun gbogbo ló ń wú bí ooru bá mú un, wọ́n á sì súnkì bí òtútù bá dé. Ṣùgbọ́n wíwú wọn ò dọ́gba. Bí wọ́n ṣe ń fa ara wọn lójoojúmọ́, ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀ á là." Lálẹ́, bí páànù bá ń dún kọ́, kọ́, á rẹ́rìn-ín: "Òun náà ń súnkì nìyẹn."

Ó ti sùn nínú Olúwa. Èmi ò ṣiṣẹ́ redíò. Aṣọ ni mò ń rán. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ọkùnrin máa ń gbaná jẹ, á bínú títí á fi dákẹ́ lọ gbári. Àwọn ẹbí ní kí n nà án. Mo máa ń jókòó tì í ni títí á fi tutù. Bó bá tún ṣí ẹnu pè mí ní Mọ́mì, ọpẹ́ Màmá ni mo máa ń kọ́kọ́ dá nínú ọkàn mi kí n tó dá a lóhùn.