Àjà Tẹ́ḿpìlì Tí Mo Fi Ọṣẹ Gbẹ́

Láàárọ̀ Sátidé, ìtasánsán atalẹ̀ tó ń hó nínú mílíìkì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà Uncle Jayanti, bàbá ará Íńdíà tó ń gbé ìsàlẹ̀ fúláàtì wa ní Thamesmead, nílùú Òyìnbó. Mummy mi, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó, máa ń mú mi yà kí wọn tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Àwòrán kan wà lára ògiri wọn: àjà tẹ́ḿpìlì àwọn Jéìnì, ẹ̀sìn Uncle, lórí òkè kan nílé wọn lọ́hùn-ún. Ó ti ń lọ sí ẹgbẹ̀rún ọdún. Òkúta mábù ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ wọ́n gbẹ́ ẹ bí òdòdó tó dorí kodò, wọ́n ha á títí ó fi fẹ́lẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Uncle ní tẹ́ḿpìlì àwọn Híńdù ayé ìgbà yẹn ga bí òkè, àmọ́ yàrá kékeré kan tó ṣókùnkùn ló wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ilé-ọmọ ni wọ́n ń pè é, bíi ti inú obìnrin.

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí tíṣà wa kọ lẹ́tà sílé pé àwọn fẹ́ mú wa lọ wo tẹ́ḿpìlì kan. Aládùúrà ni Mummy. Wọ́n ka lẹ́tà náà, wọ́n ká a, wọ́n ní, "Bùsọ́lá, n ò bí ọ sílé òrìṣà."

 Mo mú ọṣẹ funfun kan nínú èyí tí Mummy rà lọ́jà Powis Street, mo fi ṣíbí àti píìnì irun gbẹ́ àjà náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọjọ́ kẹta ni Mummy ká mi mọ́ ọn. Mo ń retí ìgbájú, àmọ́ wọ́n fà mí lọ sọ́dọ̀ Uncle.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kó ṣe eléyìí?"

Uncle wo ọṣẹ náà síwá sẹ́yìn. "Èmi kọ́. Kò sì gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn bàbá wa máa ń gbẹ́ ibi tí ojú ẹnikẹ́ni ò ní dé."

 Nílé, tí mo bá gbá àárín yàrá, tí mo fi abẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, Mummy a máa ní, "Amòòkùn ṣe ibi, bí ọba ayé ò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́." Wọ́n wá rẹ́rìn-ín. "Ohun tí mo ń sọ fún un lójoojúmọ́ nìyẹn."

Wọ́n fọwọ́ sí lẹ́tà náà ní ìrọ̀lẹ́. "Fi ojú wò ó o. Má kúnlẹ̀."

Ní báyìí tí mo ti lé lógójì, ògiri bíríkì àtijọ́ ni mò ń tún ṣe nítòsí Woolwich Arsenal, níbi tí wọ́n ti ń rọ ohun ìjà láyé àtijọ́. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn ò ní sùúrù. Ọjọ́ mẹ́ta ló fẹ́ fi parí iṣẹ́ tí bàbá bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ jogún láàárín àwọn tó gbẹ́ àjà náà. Èmi mọ̀ pé àwọn ògiri kan ń bẹ tí n ò ní parí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ń to èyí tí agbára mi ká, mo ń palẹ̀ irinṣẹ́ mi mọ́, mo sì ń lọ sílé lọ sùn dáadáa.