Ihò Tí Dosu Dí

Ogójì ọdún ni Dosu fi kan ọkọ̀ ojú omi ní Ajido, kò sì sí ihò tó rí lára pákó tí ọwọ́ kì í yún un láti dí. Ìwà yìí ló kó o sí wàhálà ní ilé Ọmọ́níyì.

Ọmọ́níyì ló ń tẹ dùùrù ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọn. Ó ra dùùrù àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní hapusikọ́ọ̀dù, èyí tí ìyẹ́ ẹyẹ ń ta okùn rẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n pákó rẹ̀ sán kí ó tó ti Seme dé ilé rẹ̀ ní Ibereko. Láídé, ìyàwó Dosu, ni yóò kọrin sí i ní pálọ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, fún ogún ènìyàn péré: orin arò àwọn Òyìnbó, tó ti ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀fun fún un. Dókítà ti sọ ọ́ láìfi bò pé ohùn rẹ̀ lè má padà mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé náà, nígbà tí Ọmọ́níyì lọ yá àga, Dosu bá a lẹ ibi tí pákó dùùrù náà ti sán. Ó wá rí ihò róbótó kan láàárín pákó. Ó rò pé àṣìṣe ni, àánú ẹni tó kan dùùrù náà sì ṣe é. Ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ti òwú àti ọ̀dà gba abẹ́ okùn, ó dí i pinpin bí wọ́n ti ń dí ọkọ̀.

Àlejò ti jókòó kí Ọmọ́níyì tó tẹ̀ ẹ́. Ohùn dùùrù ti rẹlẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora.

“Bàbá, ihò yẹn ni ohùn ń gbà jáde,” ni Ọmọ́níyì sọ fún Dosu jẹ́jẹ́.

Ojú ti Dosu débi pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló lọ dúró sí. Ọ̀dà ti gan, kò ṣeé tú lójú ẹsẹ̀. Láídé ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àìsàn ti jẹ ohùn Láídé, ó ti di tín-ín-rín. Ká ní dùùrù náà dún bó ṣe yẹ, ìbá bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohùn ìyàwó rẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ Dosu, títí kan ibi tó ti ń mí. Èdè náà kò yé e, ó sì sunkún.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ohùn Láídé kò padà. Lẹ́yìn oṣù méjì, Dosu mú ọ̀bẹ lọ tú ihò náà, Láídé sì bá a lọ. Nígbà tí Ọmọ́níyì tẹ dùùrù, ohùn rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀, inú Ọmọ́níyì dùn gan-an.

Láídé dìde. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé okùn, lókè ihò náà gan-an, ó sì wo ọkọ rẹ̀ títí.

Dosu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa òwú tó ti jù sílẹ̀ láti tún fi dí i bíi ti ọjọ́ tí Láídé kọrin.