Táyà Ẹ̀yìn tí Bàbá Ahunṣọ Bínú Sí

"Sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, Tíṣà!"

Ohùn bàbá ahunṣọ, aládùúgbò wa ní Ìsẹ́yìn, ni ó ké sí bàbá mi báyìí. Ariwo òfì dákẹ́ lójijì. Bàbá náà ti wa lọ́rì rí, kí wọ́n tó padà sídìí òfì bàbá wọn. Wọ́n jáde pẹ̀lú òwú lọ́wọ́, òórùn ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń kun òwú náà ń bá wọn bọ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pupa lẹ́yìn ọkọ̀ tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tí a fẹ́ gbé lọ sí Ṣakí. Nínú ẹrẹ̀ náà, ipa táyà ẹ̀yìn kò tẹ̀lé ti iwájú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ bí akàn.

Wọ́n na òwú le láti ẹ̀yìn ọkọ̀ dé iwájú. Lápá òsì, ó kan etí méjèèjì táyà ẹ̀yìn. Lápá ọ̀tún, etí iwájú nìkan ni ó kàn. Wọ́n ní kí n ti ìka bọ àlàfo tó kù. Ó wọlé.

"Ṣé o rí i? Táyà mẹ́ta ń lọ sí Ṣakí, èyí ń lọ sí Òkèhò!"

"Bàbá," ni bàbá mi wí, "wọ́n ti ṣe alámẹ́ńtì rẹ̀, wọ́n ti to àwọn táyà gún. Sítíárì ti wà ní gbọọrọ."

"Iwájú nìkan ni wọ́n ṣe! Wọ́n yọ sítíárì, wọ́n sì tún un dè ní gbọọrọ kí o má baà rí àrùn ọkọ̀. Ṣé kì í yára yà sósì, kó máa lọ́ra bí o bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún?"

Òótọ́ ni.

"Bàbá wọn," ni ìyá mi wí jẹ́jẹ́, "ẹ jẹ́ kí a wọ ọkọ̀ èrò."

"Ṣé ahunṣọ ni yóò wá kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà?"

Bàbá arúgbó náà fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdí ọkọ̀. "Lójú ọ̀nà tútù, ìdí rẹ̀ ni yóò ṣáájú orí rẹ̀! Kí ni ìyá àwọn ọmọ yìí, tí ó jókòó sórí táyà yìí, ṣe fún ọ?"

A lọ. Kí a tó dé Òkàká, òjò bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ọ̀nà ti yà sósì, ìdí ọkọ̀ yọ̀ sọ́tùn-ún. Bàbá mi tẹ búrékì, ọkọ̀ sì pòòyì. Ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, níbi tí ìyá mi jókòó sí, ni ó kọlu igi oṣè. Ọwọ́ wọn ṣẹ́ níbi méjì. Aránṣọ ni wọ́n. Ọwọ́ náà kò darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mọ́.

Nígbà tí a padà délé, bàbá mi lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú òfì. Ahunṣọ kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Kì í ṣe èmi ni o ṣẹ̀. Wọlé lọ bẹ aya rẹ."

Bàbá mi dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n sì gba ilé-ìwé lọ. N kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà títí tí ìyá mi fi kú.

Mo ti ju ọjọ́ orí tí bàbá àti ìyá mi wà nígbà náà lọ báyìí. Àwọn ọmọ mi ń sọ pé mo ń tètè bínú, pàápàá bí ẹni tí ó ń wakọ̀ bá ń fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́. N kò tọrọ àforíjì. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìyá mi sọ tiwọn, a kò sì gbọ́. Èmi wọ ọkọ̀, mo panu mọ́. Lọ́jọ́ náà, ìbínú bàbá ahunṣọ nìkan ni ó gbèjà wọn. Tèmi pẹ́ jù kí ó tó dé.