Àmì Èédú Lára Àpótí

"Mo ní àlọ́ kan lábẹ́ ahọ́n."
"Ẹ tú u jáde, Màmá, ká gbọ́."
"Kò sí ìjàpá nínú rẹ̀ o."
"Ta ló wá wà níbẹ̀?"
"Àgbà ọkùnrin kan tó ń jí òkú dìde, àti ẹni tí kò jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ jí."

Ó dáa. Ẹ ká ẹsẹ̀ kò. Ìwọ, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣìn mi. N ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá Jẹ́-Ó-Mí là ń pe ọkùnrin náà. Máṣìn ìránṣọ ló ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti tèmi tí mo ti ń ránṣọ, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá gbé máṣìn tó ti dákẹ́ dé, kò ní béèrè ohun tó ṣe é. Á gbé etí lé e níkùn, á fi ìka kan yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò, á ní, "Jẹ́ ó mí ná, jẹ́ ó mí." Ọjọ́ mẹ́ta ló máa ń fún un. Tó bá dáhùn, á fi ẹfun fa ìlà funfun sí i lára. Tí kò bá dáhùn títí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta fi ṣú, á mú èédú, á fa ìlà dúdú. Máṣìn tó bá ti gba èédú, òkú ni. Ẹni tó bá ń wá nọ́ọ̀tì, ẹni tó bá ń wá abẹ́rẹ́, kó wá yọ ọ́ lára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bínú. Òfin ṣọ́ọ̀bù ni.

Lọ́jọ́ kan, opó kan gbé máṣìn ìyá rẹ̀ wá. Ìyá náà ti lọ, máṣìn yẹn nìkan ló fi sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, èmi náà gbé tèmi dé, mo gbé e lé itan, ilé bọ́bìnì rẹ̀ ti fọ́. Ilé bọ́bìnì ni irin róbótó tó ń gbé òwú ìsàlẹ̀ dání. Wọn kì í ṣe irú tèmi mọ́, kò sì sí ibi tí n ó ti rí i, àfi lára ti opó yìí. Mo ń kánjú, mo sì jẹ́ kí Bàbá mọ̀ pé mo ń kánjú. Ló bá mú èédú.

Opó kúnlẹ̀. "Bàbá, ilẹ̀ ọjọ́ kẹta ò tíì ṣú. Ẹ jẹ́ ó di ìrọ̀lẹ́."

Bàbá ò gbójú sókè. "Òkú kì í gbàyè mọ́ alààyè lọ́wọ́." Ó fa ìlà dúdú, ó yọ ilé bọ́bìnì, ó nà án sí mi lójú ẹni tó kúnlẹ̀. Mo dúpẹ́. N ò wo ojú opó. Kí ni n bá tún máa wò níbẹ̀?

Bàbá ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Tísà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Tísà ló sọ fún un pé iṣẹ́ tó ń ṣe yìí, orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ní fún un kì í ṣe ọ̀kan. Ó kọ wọ́n gàdàgbà sára pátákó ẹnu ọ̀nà, ó wá ń kọ́ bàbá rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Èmi tí n ò mọ lẹ́tà kan yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ àkàbà, mo gbọ́ ọ ní ẹ̀yìn ògiri títí mo fi há a sórí. Rìpíà, ti ohun tó bàjẹ́ tí a tún ṣe. Rẹ́nófeètì, ti ilé ògbólógbòó tí a tún kùn lọ́dà. Rísítọ̀, ti ohun tí a dá padà sí bó ṣe wà látijọ́. Rifáìfù, ti ẹni tó dákú tó sì jí.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bàbá lára bí epo. Máṣìn kan ò lè jáde mọ́ láìgba orúkọ. Á ní, "Aránṣọ, rísítọ̀ ni mo ṣe sí tìrẹ o. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún ọ pé rìpíà lásán ni." A máa ń rẹ́rìn-ín. Tó bá ti yíjú, a óò tún rín in dáadáa.

Àfìgbà tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ̀, tí ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa: "Ọwọ́ yìí ò kú, ó sùn ni. Bó bá ń rí iṣẹ́ ṣe lójoojúmọ́, ó lè jí. Bí ẹ bá gbé e jókòó ti ògiri lásán, ó parí nìyẹn."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Tísà, èwo nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ ló jẹ́ tèmi?"

"N ó wò ó nínú ìwé, Bàbá."

Ohun tí Tísà ń wò kì í ṣe ìwé. Ó fẹ́ kó máṣìn tuntun sí ṣọ́ọ̀bù kó máa tà á, àpótí tí bàbá rẹ̀ ń jókòó lé sì wà níbi tó yẹ kí wọ́n tò wọ́n sí. Ó ní kí Bàbá máa sinmi nílé. Bàbá ní ìsinmi wo, ṣé òun sọ fún un pé ó rẹ òun? Tísà ní, "Kò burú. Òfin yín la ó lò. Ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn òkú tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn. Bó bá rán ìlà kan péré, ẹ jókòó sórí àpótí yín títí ayé."

Máṣìn opó ni Bàbá nawọ́ sí.

Ọjọ́ kìíní, ó fi orúnkún há a mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì tú u. Sukudíráfà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ogún, mo ń kà á. Ọjọ́ kejì, ó ha ìpata, ó rọ epo sí i, kẹ̀kẹ́ sì yí. Nígbà tó yí yẹn, ìka ọ̀tún rẹ̀ kan gbọ̀n. Mo rí i. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó wọ́ ẹsẹ̀ wá bá mi.

"Aránṣọ, yá mi ní ilé bọ́bìnì yẹn. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni n ó dá a padà."

"Bàbá, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi."

Àpò ìrọ̀rí kan ló wà lọ́wọ́ mi. Ó wò ó.

"Máṣìn yẹn ò kú lọ́jọ́sí," ló wí. "Mo mọ̀. Ìwọ lò ń kánjú, èmi ni mo fa èédú. Ṣàánú mi."

Mo tẹ máṣìn mi kí n tó dáhùn, kó lè gbọ́ bó ṣe ń dún. "Bàbá, òkú kì í gbàyè mọ́ alààyè lọ́wọ́."

Ó fi ẹnu tó wọ́ yẹn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó yí padà.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Èmi ni. Ṣé ẹlòmíràn tún wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi ni? Dákẹ́, kí n parí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Tísà dé, gbogbo àdúgbò sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá fi ọwọ́ òsì yí kẹ̀kẹ́. Abẹ́rẹ́ lọ sókè, ó wá sílẹ̀, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tó ṣì tuntun. Ṣùgbọ́n òwú òkè ò rí òwú ìsàlẹ̀ dì mú. Tísà fa aṣọ náà, òwú sì yọ kúrò lára rẹ̀ bí irun inú ọbẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde díẹ̀."

Ó dìde, ó di ògiri mú. Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ ba, ó fa èédú sára àpótí náà, ìlà kan gbọọrọ.

"Tísà, ọ̀rọ̀ tí o ní o máa wò fún mi ńkọ́?"

"Mo wò ó. Rifáìfù ló sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ti ẹni tó dákú ni, Bàbá. Ẹ ò dákú. Ẹ gbó ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ohùn tèmi wà níbẹ̀.

Ẹ sì mọ òfin ohun tó bá ti gba èédú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan ti mú òòlù Bàbá, ẹnì kan mú agolo epo, èmi mú púláyà. Ọ̀dọ̀ Bàbá gan-an la ti ń mú un, ó ń wò wá. Ọdún méjì ló tún lò nílé, níwájú ògiri. Nígbà tí mo lọ kí i, ìka tó gbọ̀n yẹn ò gbọ̀n mọ́. Ọwọ́ òsì ló ń yí kẹ̀kẹ́ kan tí kò sí níbẹ̀.

"Màmá, púláyà yẹn, ṣé èyí tẹ́ ẹ fi ń ṣí agolo ni?"

Òun ni. Ó ṣì mú dáadáa. Máṣìn mi tó gba ilé bọ́bìnì yẹn ṣì ń rán, aṣọ tó wà lọ́rùn yín yìí, òun ló rán an. Ó tó. Ẹ dìde, kí oníkálukú lọ wá ẹní rẹ̀. Ẹni tó bá ń sunkún, kó lọ sun ún sínú ìrọ̀rí. Ẹ pa iná yẹn.