Oko Koríko Dókítà Ròkíátù

Ròkíátù Olúgbádé kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Bí ẹ bá gbé àga fún un, á kàn fi ìdí kan àga náà ni, á tún ti dìde. Gbémiga, ọkọ rẹ̀, a máa sọ pé ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn nìkan lòun rí i kó jókòó pẹ́, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé wọ́n so ó mọ́ àga ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní yunifásítì kì í lè sùn ní kíláàsì, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò ti yọ sí i. Ẹni tó bá sì rí i lẹ́yìn ọ̀kadà lójú ọ̀nà Òfàdà, tó gbé òṣùwọ̀n há abíyá, tó fi aṣọ wé dòjé sọ́wọ́, lè rò pé àgbẹ̀ tí wọ́n ń lé ni.

Koríko niṣẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Gbogbo èèyàn ló ń rẹ́rìn-ín. Ó kàwé títí ó fi di dókítà, kì í sì í ṣe irú dókítà tó ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Ohun tó ń wádìí ni ohun tí òjò tó ń ṣìnà àti oòrùn tó ń mú ju ti àtijọ́ lọ ń ṣe sí ọ̀dàn, ilẹ̀ koríko tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Ifọ̀ níhìn-ín, tó sì nà títí dé ìlú wọn lọ́hùn-ún, Ìsẹ́yìn.

Ìsẹ́yìn ló ti kó àárẹ̀ àìfarabalẹ̀ yìí. Ìyá bàbá rẹ̀ a máa mú un lọ sóko lọ gé bẹẹrẹ, koríko gígùn tí àwọn àgbà fi ń bo ilé. Nígbà tó di ọmọge, wọ́n tún jọ padà lọ sí oko yẹn. Ewé Akíntọ́lá, igbó tí kì í jẹ́ kí koríko hù, ló kún ibẹ̀, ó ga ju orí wọn lọ. Ìyá àgbà dúró, ó ń wò yíká bí ẹni tó yà sí ilé onílé. Ó ní, "Ròkí, ibo ni bẹẹrẹ wà?" Ròkíátù ò mọ̀. Ìbéèrè yẹn ló gbé e dé yunifásítì, òun náà ni kì í jẹ́ kó rí oorun sùn dáadáa títí dòní.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọdún ń ṣe sí koríko gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò ní ro, tí ẹnikẹ́ni kò ní gbin nǹkan kan sí. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọọdún, yóò gé díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, yóò sá a gbẹ, yóò sì wọ̀n ọ́n: bẹẹrẹ lọ́tọ̀, èkan lọ́tọ̀, Akíntọ́lá lọ́tọ̀. Ìwọ̀n ọdún kan kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ọdún bá ń tẹ̀ lé ọdún láìsí àlàfo ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu koríko. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ lófìfo ní agbègbè yìí? Ilẹ̀ tó kọ́kọ́ ń lò ní Ìbàfò, ìjọ kan sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Èyí tó wá rí ní Mowe, tí kò jìnnà sí ilé tó háyà, di ẹ́sítéètì tó ní géètì gìrìwò. Wọ́n tiẹ̀ fi koríko sọ ẹ́sítéètì náà lórúkọ lédè òyìnbó, níbi tí ẹyọ koríko kan ò ṣẹ́ kù sí. Ó sunkún lọ́jọ́ náà, inú sì bí i pé òun sunkún.

Ti ẹ̀yìn Ifọ̀ nìkan ló kù. Bàbá Ògúnkànmí ló fún un, àgbàlagbà Ẹ̀gbá kan tí ìdílé rẹ̀ ti tẹ̀dó sí abúlé wọn ṣáájú ọkọ̀ ojú irin. Bàbá ò gba nǹkan kan ju obì lọ. Ó kàn bi í léèrè pé, "Kí lo fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe?"

Koríko ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó wá wo ẹ̀gbẹ́, ó rí Sámúẹ́lì, ọmọ àbúrò Bàbá, ẹni tó ń ta ilẹ̀ fún àwọn ará Èkó, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí bàtà rọ́bà rẹ̀. Ojú tì í. Obìnrin tó kàwé tó báyìí, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀ tí yóò fi tọ́jú koríko!

Ó ní, "Mo kàn fẹ́ máa wo ilẹ̀ náà ni, sà."

Bàbá mi orí. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ń wo ilẹ̀, ó ń wò ó de ọjọ́ tí yóò kọ́lé ni. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ náà wà bẹ́ẹ̀. Ròkíátù ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń gé, ó ń wọ̀n. Ará abúlé sì ń ṣàánú rẹ̀ pé owó ìkọ́lé ò tíì pé.

Ní ọdún tó kọjá, ní ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ gan-an, ibà dá a wó sí Mowe. Ó ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún lórí ibùsùn, ẹnu rẹ̀ ò kúrò lórí bẹẹrẹ. Òun nìkan ló mọ ohun tó ń bọ̀: àwọn ìwọ̀n tó ti kó jọ ti fẹ́ fi hàn pé bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe ń tan ilẹ̀ jẹ, tí yóò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí yóò sì sá lọ, ni bẹẹrẹ ń kú, tí Akíntọ́lá sì ń wọlé. Ó ku ìwọ̀n ọdún náà kí ó lè sọ ọ́ láìmikàn.

Ìròyìn àìsàn rẹ̀ dé Ifọ̀. Ní ti Bàbá Ògúnkànmí, a kì í fẹnu lásán kí ènìyàn ẹni tó ń ṣàìsàn. Ọ̀wẹ̀ là ń bẹ̀ fún un. Bàbá bẹ gbogbo abúlé lọ́wẹ̀, wọ́n dà sórí ilẹ̀ Ròkíátù tàdátàdá. Wọ́n ṣán an láti ààlà dé ààlà, wọ́n kó o jọ, wọ́n sì dáná sun ún. Màmá Àbẹ̀bí, ìyàwó Bàbá, se oúnjẹ fún wọn.

Nígbà tí ẹsẹ̀ Ròkíátù rànlẹ̀ díẹ̀ tó sì gun ọ̀kadà débẹ̀, ilẹ̀ pupa àti eérú ló rí. Orí rẹ̀ fò lọ. Bàbá ti jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, àwọn tó ṣán an sì tò sẹ́yìn rẹ̀.

"Wò ó! Ejò ò ríbi sá pamọ́ sí mọ́. Bó o bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ lọ́la, ó ti yá!"

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni; ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ròkíátù kúnlẹ̀ sínú eérú. "Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ẹ ò ní rí àìsàn." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn obìnrin rò pé omijé ayọ̀ ni, wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, wọ́n sì bu oúnjẹ fún un. Ó jẹ ẹ́.

Nílé, nígbà tó ròyìn rẹ̀ tán, Gbémiga dá ìmọ̀ràn kan. "Ìyá Táyọ̀, mú ìwọ̀n ti èṣí, dúró de ti ọdún tó ń bọ̀, kó o wá mú àárín wọn. Ta ló máa mọ̀?" Ọ̀gá Ròkíátù ní yunifásítì náà sọ irú ẹ̀ fún un, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i.

"Bàbá Táyọ̀, koríko ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi," ni ìdáhùn rẹ̀.

Ó fi àyè ọdún náà sílẹ̀ lófìfo. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju ìyẹn lọ ni ọpẹ́ tó dá. Bí èèyàn bá ti kúnlẹ̀ dúpẹ́ oore, ó ti ní kí wọ́n tún un ṣe nìyẹn. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á tún ṣán an, tìfẹ́tìfẹ́. Ó ń rìn káàkiri pálọ̀, ó ń tún àwo tó ti mọ́ fọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó gba Ifọ̀ lọ.

Ó bá Bàbá lábẹ́ igi ọ̀sàn. Ó kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: bẹẹrẹ, Ìsẹ́yìn, òṣùwọ̀n, ọdún tó lọ lófo.

Bàbá bi í léèrè pé, "Ìkúnlẹ̀ tó o kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Irọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Oore yín kì í ṣe irọ́. Ojú ló tì mí."

"Kí nìdí tí o ò fi sọ fún wa látìgbà yìí pé koríko loko rẹ? Ta ló ń ṣán oko olóko?" Ohùn rẹ̀ le, ọgbẹ́ ọkàn sì wà níbẹ̀. "O jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi bà ọ́ lóko jẹ́."

Òótọ́ ni. Ó ń retí kí Bàbá ní kó máa lọ. Bàbá dìde, ó wọlé, ó sì jáde pẹ̀lú kùkùté ìgbálẹ̀, ṣùkù àgbàdo kan àti àkísà pupa. Ó so wọ́n mọ́ okùn, wọ́n jọ lọ sórí ilẹ̀ náà, ó sì fi okùn náà kọ́ igi ní ààlà. Àalè ni, àmì pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun olóhun.

Ròkíátù mí kanlẹ̀. "Bàbá, mùsùlùmí ni mí o."

"Ta ló ní kó o bọ ọ́? Ṣé pátákó tí Sámúẹ́lì kọ 'Ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà' sí kiri, ẹ̀ ń bọ ọ́ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì tán láàárín wọn.

Inú ọyẹ́ ni Bàbá Ògúnkànmí kú. Wọn ò tíì ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀ tí Sámúẹ́lì ti ń mú oníbàárà wá wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn kì í kọjá ibi àalè. Sámúẹ́lì láyà púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àyà tí yóò fi já àalè tí òkú so. Ó yáa ń dúró kó já fúnra rẹ̀. Òjò dé, bẹẹrẹ ta láti inú eérú, ó ga ju ti ìgbàkígbà lọ. Òjò yìí kan náà ń mú okùn rà. Kí Ròkíátù tó wo koríko, okùn ni yóò kọ́kọ́ wò. Sámúẹ́lì náà ń wá wò ó. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí Ròkíátù gbé dòjé débẹ̀ lọ́dún yìí. Àalè ti já bọ́ sílẹ̀. Sámúẹ́lì àti ọkùnrin kan tó wọ gíláàsì dúdú dúró ní ààlà.

"Dókítà, òun ló já fúnra ẹ̀ o. Mi ò touch ẹ̀ rárá."

Kó tó dáhùn, Màmá Àbẹ̀bí yọ lẹ́yìn wọn nínú aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀, ìgbálẹ̀ àti okùn tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ròkíátù kúnlẹ̀ kí i, ó sì yẹra kí Màmá lè so ó.

Màmá na okùn náà sí i. "Èmi kọ́. Olóko ní í so àalè oko rẹ̀. Ojú tó ń tì ọ́ ni ọkọ mi ṣe bá ọ so ti ìṣáájú."

Ọkùnrin onígíláàsì bojú wo ilẹ̀. "Oko? Kí lẹ gbìn síbẹ̀, madam?"

Ojú náà tún fẹ́ tì í. Ó gba okùn lọ́wọ́ Màmá.

"Koríko," ló wí. Ó tún un wí, kó lè dé etí gbogbo wọn. "Koríko loko mi."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Sámúẹ́lì ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ti fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kúrò lójú ààlà. Ròkíátù so ó, ó sì ta á ní kókó méjì.

Màmá Àbẹ̀bí tẹ́ aṣọ sílẹ̀. "Ó yá, jókòó sinmi."

"Tó bá ṣe díẹ̀, Màmá," ni Ròkíátù wí, ó ń tú aṣọ ara dòjé. "Mo fẹ́ kórè."