Jẹ́ Kó Yáná Ná

Ojú máa ń tì mí tí wọ́n bá bi mí pé áńpù mi dà. Àwọn tó ń béèrè kò pọ̀: obìnrin tó ń ta òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìkòsí, àti bàbá onílé wa, tó máa ń gbé àga rẹ̀ sábẹ́ fèrèsé mi lọ́sàn-án Sunday láti gbọ́ orin ọ̀fẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé ó bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Ó wà ní Mágodò, níbi tí wọ́n ti ń kẹ́ ẹ bí ọmọ tuntun, ẹnu ara mi ni mo sì fi lé e kúrò nílé.

Bàbá mi ló kàn án. Oníṣẹ́ rédíò ni wọ́n ní Abẹ́òkúta. Rédíò tó bá ti kọjá àtúnṣe, wọn á tú u, wọn á sì yọ ohun tó ṣì dára nínú rẹ̀ pamọ́. Lára àwọn òkú rédíò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ṣa áńpù yìí jọ, àpótí onígi tó wúwo bí ọlọ, tí gílóòbù mẹ́rin yọ orí síta lókè rẹ̀. Gílóòbù ọ̀hún kì í ṣe ti iná ilé. Dígí ni lóòótọ́, wáyà tín-ín-rín sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n orin ló ń gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé sípíkà. Ayé ìsinsìnyí ti fi nǹkan tí kò tó èékánná rọ́pò rẹ̀, èyí tí kì í fọ́, tí kì í gbóná, tí kò sì ní kí ẹnikẹ́ni dúró dè é.

Dídúró yẹn ló máa ń bí àwọn èèyàn nínú. Tí o bá tan áńpù bàbá mi, kò ní dún. Wàá kọ́kọ́ rí inú àwọn gílóòbù náà tó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, bí ẹyinná lábẹ́ eérú. Eruku orí wọn á gbóná, á máa rùn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá ti ń kánjú láti yí ohùn rẹ̀ sókè, bàbá mi á ní, "Jẹ́ kó yáná ná." Bí ẹni tó ti inú òjò dé ni wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tó yẹ kó jókòó ti ààrò, kó na ọwọ́ síná, kí wọ́n tó bi í pé báwo lọjà.

Tó bá wá sọ̀rọ̀ tán, wàá mọ̀ pé ìdúró náà tọ́. Mo ti gbọ́ orin lórí fóònù, mo ti gbọ́ ọ lórí sípíkà róbótó tí ọmọ mi rà fún mi. Ohùn wọn mọ́, mi ò bú wọn, ṣùgbọ́n ohùn tó bá mọ́ jù máa ń gé mi létí bí bíléèdì. Ti áńpù yìí ní ẹran lára. Bí akọrin bá fẹ́ gbé ohùn lọ sókè, wàá gbọ́ bó ṣe kọ́kọ́ mí sínú. Bí o bá sì yí i sókè jù, kò ní han gooro mọ́ ọ, ohùn rẹ̀ á kàn há díẹ̀, bíi ti àgbàlagbà tó ti ń gbàdúrà láti àárọ̀. Àwọn tó mọ̀wé lè sọ pé àléébù nìyẹn. Ó lè jẹ́ àléébù lóòótọ́. Àléébù yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn.

Òun ni mo ń gbọ́ tí mo bá ń ṣe ìránṣọ tí mo gbé wálé. Orí ẹsẹ̀ mi ni ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ti máa ń sùn, bó ti ń wo ojú pupa mẹ́rin yẹn. Bàbá mi ṣì wà láyé nígbà náà, wọ́n sì máa ń wá kí wa. Kí ọmọ náà tó lè pe orúkọ ara rẹ̀ dáadáa ló ti ń nàka sí áńpù, tó ń wí pé kó yáná ná, tí bàbá mi á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Ọmọ yìí dàgbà, ó rí ọkọ. Àwọn òbí ọmọkùnrin náà ní àwọn fẹ́ wá kí mi lọ́sàn-án Sátidé kan, kí àwọn lè mọ ilé tí ìyàwó àwọn ti jáde. Mágodò ni wọ́n ń gbé, níbi tí ènìyàn kì í ti í gbọ́ ohùn aládùúgbò rẹ̀. Tiwa ni yàrá kan àti pálọ̀, àti òórùn tòmátò Mile 12 tó máa ń bá wa jẹun tí òjò bá ti rọ̀. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà mí: kí wọ́n má lọ fojú ọmọ tálákà wo ọmọ mi nítorí ilé mi.

Mo kun ògiri. Mo yá àga méjì lọ́wọ́ olówùú. Lẹ́yìn náà ni ojú mi bọ́ sára áńpù, mo sì wò ó bí àlejò yóò ṣe wò ó: àpótí tí igun rẹ̀ ti ń bó, wáyà tí wọ́n fi téèpù dúdú wé. Mo ní, ha, àwọn èèyàn yìí á ní rédíò ayé àtijọ́ ni a ṣì ń lò. Ọmọ mi ò ní kí n ṣe nǹkan kan sí i o. Èmi ni mo ro ó, èmi náà ni mo ṣe é. Mi ò lè dá a gbé, nítorí náà mo ta àjákù kẹ́tìnì bò ó, mo sì gbé òdòdó onírọ́bà lé e lórí. Kò sí iná lásìkò yẹn. Mo ti gbàgbé pé mò ń gbọ́ orin lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ, mi ò sì pa áńpù náà.

Àwọn àna mi dé, èèyàn dáadáa ni wọ́n. Bàbá ọmọkùnrin náà ga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù. Daddy ni ọmọ wọn ń pè wọ́n, ni gbogbo wa bá ń pè wọ́n ní Daddy. Ìyàwó wọn yin ògiri mi. A mu máàtì, a ń bi ara wa nípa ìlú tí a ti wá, ọkàn mi sì ti ń balẹ̀. Bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe pariwo pé iná ti dé nìyẹn, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, a sì jọ dúpẹ́.

Kò pẹ́ tí ìyàwó Daddy fi gbé orí sókè.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń jó?"

Òórùn náà ti kan èmi náà nímú. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Àwọn ọmọ òkè ni, mà. Wọ́n fẹ́ràn ijó ju oúnjẹ lọ."

Ọmọ mi wò mí. Ìyàwó Daddy fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tún fa imú. "Rárá, mà. Kì í ṣe ijó. Nǹkan ló ń jóná nínú ilé yìí."

Daddy ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n gbé òdòdó sílẹ̀, wọ́n ká kẹ́tìnì kúrò. Ó ti yọ́ mọ́ orí gílóòbù kan, ó sì ti lu níbẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ́n dẹ̀dẹ̀ níwájú gbogbo wa, wọ́n ń kùn hùn-ùn, bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu.

"Ha! Fáàfù!" Daddy nàka sí àwọn gílóòbù náà, wọ́n yọ bí ọmọdé. "Mummy, ibo lẹ ti rí i?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Kì í ṣe nǹkan kan, sà," ni mo wí. "Jákujàku ni. Ẹnì kan ló gbé e síbẹ̀. Mo tiẹ̀ fẹ́ gbé e fún àwọn tó ń kó irin àlòkù."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, bí a ṣe ń ṣe níwájú àlejò nìyẹn. A ó se ọbẹ̀ tó dùn, a ó ní kí wọ́n má bínú, omi lásán ni. A ó wọ aṣọ tuntun, a ó ní ó ti pẹ́ lára wa. Àlejò á ní rárá o, ó dára gan-an, nígbà náà la ó wá rẹ́rìn-ín, a ó sì gbà pé ó dára. Mò ń retí kí Daddy sọ tiwọn, kí n lè sọ òótọ́. Àfi bí wọ́n ṣe gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

"Àwọn onírin kẹ̀? Mummy, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ ò bá ti lò ó, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ, ẹ jọ̀ọ́."

Àna ẹni kì í tọrọ nǹkan, ká ní kò ṣeé ṣe, pàápàá nǹkan tí a ti pè ní jákujàku. Tí mo bá ní rárá, mo di òpùrọ́ lójú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mọ ilé mi, ọmọ òpùrọ́ ni ọmọ wọn yóò sì fẹ́. "Ẹ máa gbé e lọ, sà," ni mo wí. "Ẹ tiẹ̀ bá mi gba àyè." Ọmọ mi dorí kodò, ó ń fi èékánná ha etí tíréè. Awakọ̀ wọn gbé e jáde, mo sì fi ọwọ́ ara mi ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọmọ mi ń ṣa ife jọ.

"Mummy, ẹ ní ẹnì kan ló gbé e síbẹ̀."

"Nítorí tìẹ ni mo ṣe sọ ọ́."

"Mi ò rán yín," ló wí, ó sì kó ife lọ sí kíṣìnì.

Bàbá tó bí mi ni mo pè ní ẹnì kan. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni mo pè ní jákujàku, kí àlejò má baà rò pé a ò rí owó ra tuntun. Àlejò náà kò tiẹ̀ ro bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni mo ro ó, lórí ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ilé mi. Tí mo bá rántí rẹ̀ nídìí máṣíìnì, ara mi máa ń gbóná láti ọrùn dé etí, n ó sì dá ẹsẹ̀ dúró.

Àwọn ọmọ wa ti ṣègbéyàwó báyìí. Lóṣù tó kọjá, Daddy ní kí n wá bá àwọn jẹun. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì Mágodò kọ́kọ́ fóònù kó tó jẹ́ kí n wọlé. Áńpù bàbá mi wà ní pálọ̀ wọn, lórí tábìlì tirẹ̀. Wọ́n ti fi fáníìṣì pa igi rẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ wáyà. Ó dára débi pé mo fẹ́ sunkún.

Daddy fà mí súnmọ́ ọn. Wọ́n fi sùúrù ṣàlàyé fún mi ohun tí fáàfù ń ṣe, àti ìdí tí ohùn rẹ̀ fi nípọn ju tàwọn tuntun lọ. Mo ń mi orí bí akẹ́kọ̀ọ́. "Ẹni tó kàn án mọṣẹ́ dójú àmì, Mummy. Ẹ ò wá mọ ẹni náà?" Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n tan án, wọ́n sì nawọ́ láti yí ohùn rẹ̀ sókè.

Ọmọ mi ló ń gbé omi bọ̀ fún mi. "Daddy," ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ jẹ́ kó yáná ná."

"Yáná!" Inú wọn dùn. "Ọ̀rọ̀ yẹn mà bá a mu o. Níbo lo ti gbọ́ ọ?"

"Bàbá àgbà mi ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Àṣé Bàbá àgbà náà ní irú ẹ̀?"

Ọmọ mi gbé omi síwájú mi, ó sì kọjú sí mi, ó ń dúró.

"Wọ́n ní ọ̀kan, sà," ni mo wí.

"Ó dà báyìí?"

"Mo ti fi ta ènìyàn lọ́rẹ."

"Ha, Mummy! Irú ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi tọrẹ o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí.

Àwọn gílóòbù náà ti yáná tó. Akọrin náà mí sínú, gbogbo wa sì tẹ́tí sí i.